Akoto Irin Àlàbá Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ má bi mí pé kí ni obìnrin ń fi akoto ológun ṣe. Ọkọ mi, Wahab, ti bi mí títí ó fi sú u. Wahab ni mo pè é níbí nítorí kò sí nítòsí. Bó bá wà nítòsí, Dádì ni. Àwọn ará àdúgbò wa lẹ́yìn Pẹ́ẹ̀nì Sínímà ní Agége bi mí. Ìyá mi ránṣẹ́ bi mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìmáàmù wa wá ṣe ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ kan, wọ́n rí akoto méje tí mo fi kọ́ ara ògiri, àdúrà ṣẹ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Ìdáhùn kan náà ni mo fún gbogbo wọn: irin ni mò ń tà, irin ni akoto, kí ló wá ń dùn yín?

Òwò irin àlòkù ni òwò mi. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọdún 1994, àwọn sójà ló wà lórí àlééfà, bẹntiróò di ohun tí à ń fi àdúrà wá, àwọn fáktírì Ìkẹjà sì ń tilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ìmọ́tótó. SAP, ètò ọrọ̀-ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀, ti lé Wahab kúrò níléeṣẹ́ aṣọ tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rìnlá, ó wà nílé, ó ń wò mí. Ohun tí fáktírì bá fi sílẹ̀, èmi ni mò ń lọ kó o: páìpù, ilẹ̀kùn irin, ẹ̀rọ tó ti dípẹtà. Èmi àti àwọn ọlọ́mọlanke mi á tì í lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á jù ú sínú iná. Ó parí.

Àfi akoto. Akoto kan kò tíì ti ọwọ́ mi wọná rí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, àárín àwọn ìkòkò tó ti lu ló wà. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ awọ inú rẹ̀, mo fa bébà kan yọ tí wọ́n ká kéékèèké. Tírà ni. Ẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lé orí, ó gbé irin lé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ó lọ sógun. Èmi Fàúsát tí n kì í sunkún, mo jókòó sórí páìpù, mo sunkún. Irin yòókù, irin lásán ni. Èyí ti gbé orí ọmọ èèyàn rí. Ta ló fẹ́ máa ju ilé orí èèyàn sínú iná?

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Kó tó pé mọ́kànlá, mo ti dá wọn mọ̀ yàtọ̀ síra. Ti ogun Hítílà tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ fẹ̀. Bí ẹ bá yí i padà, agbada tí a fi ń din dùńdú ló jọ. Èyí tí wọ́n dé lọ ogun Bìáfúrà jinnú díẹ̀. Bí ẹ bá fi yanrìn àti kẹrosíìnì ha etí ti Hítílà dáadáa, ẹ máa rí ọdún tí wọ́n rọ ọ́. Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ obìnrin tó fi ń fún adìyẹ lómi, mo gba òmíràn lọ́wọ́ bíríkìlà tó fi ń bu sìmẹ́ńtì. Bí mo bá ti gbà á, ìbéèrè ló kàn: níbo lẹ ti rí i, ta ló fún yín, ta ló ni ín kó tó di tiyín? Gbogbo rẹ̀ ni mò ń kọ sínú ìwé iléèwé kan. Wahab ní èmi nìkan ni ọlọ́pàá tí òun mọ̀ tó ń wá ẹni tí ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó sọnù.

Akoto kejìlá ló kó mi sí wàhálà. Mo lọ ra ẹran l'Óko Ọba, lọ́dọ̀ Teslim alápatà. Teslim ń bu omi da sórí tábìlì ẹran, mo sì rí etí ohun tó fi ń bu ú, etí fífẹ̀, ti ogun Hítílà.

"Teslim, kí nìyẹn?"

"Igbá omi mi ni, Ìyá Akoto," ló wí, ó sì gbé e pa mọ́ sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ojú yẹn wò ó. Mo mọ ojú yẹn."

Mo fún un ní abọ́ tánganran tuntun, mo gba akoto. Mo bi í léèrè ibi tó ti rí i. Ó ní orí ààtàn ni. Ojú rẹ̀ ń sá kiri bó ṣe ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà kò sì ya wèrè.

Nígbà tí mo délé tí mo ha ọ̀rá ẹran kúrò lára rẹ̀, mo rí ohun tí ẹnì kan fi ìṣó kọ sínú rẹ̀, lẹ́tà ńláńlá: ALABA OGBOMOSHO. Mo figbe ta. Wahab sáré jáde láti balùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ó rò pé olè ló dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nígbà ogun Hítílà, bí akọ̀wé ológun bá béèrè orúkọ bàbá ẹnì kan, tí ahọ́n òyìnbó kò bá gbé e, orúkọ ìlú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ dípò. Nítorí náà, Àlàbá tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo gbé lọ́wọ́, kò sí ohun mìíràn tí mo mọ̀.

"O ò jẹ́ lọ dúró láàárín ọjà ní Ògbómọ̀ṣọ́," Wahab wí, "kó o pariwo 'Àlàbá o!' Àwọn tó máa dá ẹ lóhùn á kún ilé yìí."

Ọkọ mi gbọ́n, ṣùgbọ́n ó gbàgbé nǹkan kan. Àlàbá kì í dá wáyé. Táyé á dé, Kẹ́hìndé á tẹ̀lé e, Ìdòwú á tẹ̀lé ìbejì, kí Àlàbá tó wá. Ẹni tó bá ń wá Àlàbá, ìbejì ni kó wá. Ìbejì arúgbó ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò sì lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Agége nìyẹn. Mo ní ẹ jọ̀wọ́, ta ló mọ ìbejì tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí Àlàbá wọn lọ ogun Hítílà? Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú alága. Wọ́n darí mi sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń jẹ́ Táyé. Mo débẹ̀, mo rọra fi ohùn jẹ́jẹ́ bá bàbá kẹ́dùn Àlàbá wọn. Ni ọkùnrin arúgbó kan bá ti inú yàrá jáde pẹ̀lú igi ìfọyín lẹ́nu, ó ní, "Ta ló pa mí?" Àlàbá rèé, ara rẹ̀ le koko, kò lọ ogun kankan rí, ibi tó jìnnà jù tó dé ni Èkó tí a wà yìí. Èpè tí wọ́n fi sìn mí jáde, n kò lè kọ ọ́ síbí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ọmọbìnrin kan wá bá mi. Moyọ̀sọ́lá lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni ní Ifákò, ó wà nínú ìpàdé lọ́jọ́ náà.

"Ẹ má bínú mà," ló wí. "Ìyá ìyá mi, Kẹ́hìndé ni wọ́n. Ọmọ ìyá wọn, Táyé, ti kú, Ìdòwú náà ti kú. Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í dárúkọ Àlàbá."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ṣé irú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ń sọ létí Fàúsát kí Fàúsát tó jókòó sílé?

Lọ́jọ́ kejì, mo yí akoto sókè, mo kó ẹ̀fọ́ ṣọkọ kún inú rẹ̀, mo gbé òṣùká sórí, mo rù ú lọ sí Ifákò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, bí sójà bá bá ẹrù ìjọba lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe sójà, kòbókò ló máa bá onítọ̀hún wí. Mẹ́ta nínú wọn sì dúró sí oríta.

"Màmá, kí lẹ rù?"

"Ẹ̀fọ́ ni, ọmọ mi. Ṣé kí n bù fún ẹ?"

"Kí lẹ kó o sí?"

"Agbada tí ìyá ọkọ mi fi sílẹ̀ ni."

Ó wò ó, ó ní kí n máa lọ. Sójà o, kò dá akoto mọ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ilé Moyọ̀sọ́lá.

Ìyá Kẹ́hìndé jókòó sórí ẹní níwájú ilé, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kéré, wọ́n mọ́, ojú wọn sì ríran dáadáa. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n bi mí pé ọmọ agbolé wo ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sọ fún wọn, wọ́n mọ bàbá bàbá mi. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Mo wá kó ẹ̀fọ́ kúrò, mo gbé akoto síwájú wọn. Tẹ̀sùbáà bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló ní kó o gbé èyí wá fún mi?"

"Ẹnikẹ́ni kọ́ mà. Orúkọ Àlàbá ló wà nínú rẹ̀."

Wọ́n ní kí Moyọ̀sọ́lá wọlé. Wọ́n fi ìka yí etí akoto ká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tí wọ́n ní àwọn kò sọ fún ẹ̀dá kankan rí.

"Ọdún kẹta tí Àlàbá lọ sí Bọ́mà, ọmọ àdúgbò wa kan dé láti ibẹ̀. Ó ní ojú òun ni odò kan ṣe gbé Àlàbá lọ. A sunkún, a ṣe fídáù. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́rọ̀, èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìnkùlé. Ọmọ wà lẹ́yìn mi, mò ń kó eérú nídìí ààrò. Mo gbójú sókè, Àlàbá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ó ti gbẹ, ó gbé nǹkan yìí dé orí. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rèé o.'"

Háà! Ara mi bù máṣọ. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ àkúdàáyà? Ẹni tó kú tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé, tó ń rìn kiri láàárín alààyè, wọn kì í kí i káàbọ̀. Abiyamọ tó gbé ọmọ pọ̀n wá ńkọ́?

"Mo da eérú sí i lójú," wọ́n wí. "Gbígbóná ni. Mo ní, 'Àlàbá, o ti kú, padà síbi tó o ti ń bọ̀, má tún wá síbí mọ́.' Kò sọ nǹkan kan. Ó yíjú padà, ó lọ. Nígbà tí àwọn àgbà dé, wọ́n ní mo ṣe akin."

"Ẹ ṣe akin lóòótọ́, Ìyá."

"Dákẹ́, o ò tíì gbọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo lọ wo ẹnu ọ̀nà. Ojú ẹsẹ̀ bàtà wà nínú eérú, ó rinlẹ̀, mo tilẹ̀ rí àpá ìṣó ìdí bàtà. Èmi kò gbọ́ rí pé òkú ń wúwo tó bẹ́ẹ̀. Mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá a kúrò. Mo ní ojú ló ń tàn mí jẹ. Ẹni da eérú l'eérú ń tọ̀, ọmọ mi. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ló ti ń tọ̀ mí. Bí mo bá kírun tán, n kì í mọ èwo ni kí n ṣe, bóyá kí n ní kí Ọlọ́run foríjì í ni, àbí kí n ní kí Ọlọ́run mú un bọ̀ nílé. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé mọ́. Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú. Ṣé òkú ni mo lé lọ, àbí àbúrò mi?"

Mo ti gba ìtàn akoto mọ́kànlá sínú ìwé, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí èyí. Mo gbéra níbẹ̀, ó di Oko Ọba.

Teslim rí mi, ó ti mọ̀. Mo ní, "Teslim, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ìyá arúgbó kan wà ní Ifákò tí kò lè sùn. Ṣé o fẹ́ kí n gbé wọn wá síbí kí wọ́n fi ọmú ìyá ẹ bẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ má gbé wọn wá o!" Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ̀rù sójà ló bà mí, Ìyá Akoto, n kò jí i. Bàbá kan ló fún mi, ọdẹ ni wọ́n ní fáktírì kan n'Íkẹjà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń gbé ẹran lọ fún wọn. Nígbà tí fáktírì kógbá sílé, wọ́n ní kí n máa gbé irin yẹn lọ, wọ́n ní ó ti sú àwọn. Bàbá Ọlọ́runníyì ni wọ́n ń jẹ́. Ọmọ Aládùúrà ni wọ́n. Wọ́n ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn, Rachael onídìrí, ní Abúlé Ẹ̀gbá."

Ọlọ́runníyì, Aládùúrà. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Àlàbá tí mò ń wá, ilé Mùsùlùmí ni. Mo ní bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ogun ni bàbá yìí. Mo lọ ṣáá.

Bàbá jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù Rachael, wọ́n ń bá a ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n jókòó ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n ń yàwòrán. Mo kúnlẹ̀. N kò sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo kàn gbé akoto kalẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá Àlàbá."

Ẹ̀wà dúró lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ta ni ìwọ tó mọ orúkọ yẹn?"

Àwọn ni. Ẹ̀rín pa mí, ẹkún pa mí. Mo sọ bí akoto ṣe dé ọwọ́ mi fún wọn, wọ́n sì sọ tiwọn. Odò yẹn dojú ọkọ̀ wọn dé lóòótọ́. Etí odò, lọ́nà jíjìn, ni wọ́n ti lajú, wọn kò mọ bí àwọn ṣe débẹ̀, akoto ṣì wà lọ́rùn wọn pẹ̀lú okùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó rí àwọn sójà yòókù, ọmọ àdúgbò wọn kò sì sí láàárín wọn mọ́. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n ní kí oníkálùkù dá ẹrù ìjọba padà, wọ́n fi aṣọ wé akoto, wọ́n gbé e sá lọ. Wọ́n fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wọn rí i.

"Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi da eérú sí mi lójú," wọ́n wí, "mo lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìlọrin. Bó ṣe rí mi, ó gba ojú fèrèsé jáde. Àgbàlagbà o! Mo wá jókòó, mo rò ó. Mo ní, ta ló tilẹ̀ jáde nínú omi yẹn? Bóyá mo ti kú, tí wọn kò sọ fún mi. Mo wá sí Èkó, n kò lè sùn, mò ń fọwọ́ kan ara mi. Wòlíì kan níbí ló fún mi ní mọ́ínmọ́ín. Mo jẹ ẹ́. Ó fún mi ní òmíràn, mo jẹ ẹ́. Nígbà tó di márùn-ún, ó ní òkú kì í jẹun tó báyìí, kí n lọ gbé orúkọ mìíràn, kí n gbéyàwó."

Rachael rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá wá fi ohùn kékeré bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà?"

"Wọ́n wà, Bàbá. Ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ wọn, Moyọ̀sọ́lá aránṣọ, ni wọ́n wà ní Ifákò. Ọ̀rọ̀ yín ló wà lẹ́nu wọn."

"N kò bínú sí wọn," wọ́n wí. "N kò bínú rí. Wọ́n rò pé òkú ni mí. Ká ní wọ́n mọ̀ pé èmi ni, wọn kò ní lé mi."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jẹ Ìyá lọ́kàn tó. Mo ní, "Wọ́n mọ̀ o, Bàbá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ti rí ojú ẹsẹ̀ bàtà yín nínú eérú. Ẹ̀rù ló bà wọ́n, wọ́n gbá a. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti rí oorun sùn."

Ojú Bàbá yí padà. "Wọ́n mọ̀?"

Mo na ọwọ́ sí ẹ̀wà, mo ń bá wọn ṣa á.

"Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì?" wọ́n wí. "Mo ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Abẹ́ igi lẹ́yìn ọjà ni mo wà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wà níbẹ̀. Mo ní bóyá ẹnì kan máa rò ó wò, kó wá mi wá."

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Rachael gbé akoto lé mi lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà," ló wí, "ẹ gbé irin yín, ẹ máa lọ."

Mo dé ilé, n kò lè jẹun. Wahab gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí. "Fàúsát, nínú gbogbo akoto tó o kó jọ, ẹyọ ẹnì kan tó wà láàyè lo rí, o tún ti fi ẹnu lé e lọ." Nígbà tó rí i pé omi ń bọ́ lójú mi, ó fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀, ó fà mí mọ́ra. "Lọ sọ òtítọ́ fún ìyá náà," ló wí. "Òtítọ́ ni wọ́n ní kó o wá fún àwọn."

Mo lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àti abẹ́ igi, àti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, "Ìyá, wọ́n wà láàyè, ṣùgbọ́n mo ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Inú ń bí wọn gidigidi."

Ìyá Kẹ́hìndé gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ó ń bínú?" wọ́n wí. "Àlùhámúdùlíláhì! Òkú kì í bínú." Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún sunkún. Wọ́n wá nu ojú wọn, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, àwọn fẹ́ fi ẹnu ara àwọn sọ ọ́ fún un. Mo fi akoto sílẹ̀ fún wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí akoto kan máa kúrò lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ wá ku bí a ṣe máa gbé wọn débẹ̀. Orúnkún wọn kò gbà á, bẹntiróò kò sí, ọkọ̀ kò rìn. Lọ́jọ́ Àìkú, mo mú ọmọlanke mi tó dára jù wá sí Ifákò pẹ̀lú Àbúdù tó ń tì í. Mo fọ̀ ọ́, mo tẹ́ tìmùtìmù sí i. A gbé Ìyá sókè sórí rẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ìrun funfun, wọ́n fi ìborùn bo orí, wọ́n di igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú. Moyọ̀sọ́lá ní ojú ń ti òun. Ìyá ní kí ojú máa tì í lọ, kò kàn wọ́n.

Àbúdù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ ọmọlanke sókè ni àwọn ọmọdé tó ń ṣeré níta bá figbe ta, wọ́n túká. "Iwin o! Iwin o!" Ọkùnrin arúgbó kan dúró sí ẹnu géètì, ó ga, sùtánà funfun balẹ̀ dé kókósẹ̀, kò wọ bàtà. Bí àwọn Aládùúrà ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ náà nìyẹn, ta ni kò mọ̀? Ṣùgbọ́n Àbúdù, kìígbọ́-kìígbà, ju ọmọlanke sílẹ̀, ó bẹ́ gìjà. Ọmọlanke fi imú gúnlẹ̀, Ìyá rọra yọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú tìmùtìmù, wọ́n balẹ̀ sórí iyanrìn. Mo ní mo gbé o, mo ti pa ìyá oníyàá!

Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Wọn kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wa.

Bàbá kò wọlé. Wọ́n rìn láti Abúlé Ẹ̀gbá, eruku bo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì dúró sí ìta géètì gan-an.

"Wọ́n ní kí n má tún wá síbí mọ́," wọ́n wí. "Mo wá béèrè bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ṣì dúró."

Ìyá Kẹ́hìndé fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀, wọ́n gbé ara wọn sórí orúnkún. Wọ́n kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó jù ú lọ lọ́dún mẹ́fà kúnlẹ̀ fún àbúrò, ní gbangba, lójú ọmọ ọmọ. Láyé mi, n kò rí irú rẹ̀ rí. Moyọ̀sọ́lá sáré síwájú, mo fà á lọ́wọ́ padà.

"Mo mọ̀, Àlàbá," Ìyá wí. "Irọ́ ni mo pa fún ara mi. Mo mọ̀, mo sì gbá a."

Bàbá na ọwọ́ méjèèjì láti ìta. "Ẹ dìde," wọ́n wí. "Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò. Ẹ dìde, ẹ má fi mí bú." Ìyá kò dìde. Ni Bàbá bá wọ inú géètì, wọ́n dojú bolẹ̀ gbalaja pẹ̀lú sùtánà funfun, wọ́n dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n wọn, ojú wọn kan iyanrìn.

"Dìde, Àlàbá."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dìde."

"Orúnkún mi ti há."

"Ẹ̀yìn tèmi náà ti há."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn arúgbó méjèèjì, nílẹ̀ẹ́lẹ̀. A sáré lọ láti gbé wọn, Ìyá ju ọwọ́ sí wa pé kí a dúró jìnnà. Wọ́n rá sún mọ́ Bàbá, wọ́n gbé orí Bàbá sórí itan, wọ́n bọ́ ìborùn, wọ́n ń fi etí rẹ̀ nu iyanrìn kúrò lójú Bàbá.

"Eérú yẹn," Ìyá wí, "ṣé ó wọ̀ ọ́ lójú?"

"Ó wọ̀ mí lójú, ẹ̀gbọ́n mi," Bàbá wí. "Ó ta mí gan-an."

"Pẹ̀lẹ́," Ìyá wí. "Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Pẹ̀lẹ́." Wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún, títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì.